Valiant 40 tàbí Crealock 37: Èwo ni kí Bàbá Ìbejì rà?

Òǹkàwé wa kan ní Maryland, tó fi "Bàbá Ìbejì" fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, béèrè báyìí pé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ìyàwó mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀ onígbòkun, a sì ti ń háyà ọkọ̀ kéékèèké lórí Chesapeake Bay láti ọdún mélòó kan. A fẹ́ ra tiwa wàyí. Méjì ló wà níwájú wa: Valiant 40 tí wọ́n kàn ní 1979, àti Crealock 37 ti Pacific Seacraft tí wọ́n kàn ní 1985. Owó Crealock fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó Valiant, bẹ́ẹ̀ Valiant ló tóbi jù. Àwọn ìbejì wa ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A fẹ́ máa lo ọkọ̀ náà ní òpin ọ̀sẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí Bahamas ní ìgbà òtútù kan. Bermuda náà ń wù mí. Èwo ni ká rà?"

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìmúrasílẹ̀, ẹ sì kú ìnáwó tó ń bọ̀. Ẹ bá mi kí Ìyá Ìbejì. Inú mi dùn pé àwọn náà mọ ọkọ̀ tù, torí ohun tó máa ń ba irú ìrìn àjò yìí jẹ́ jù ni pé kí ẹnì kan fẹ́ òkun, kí ẹnì kejì kàn máa fara dà á.

Ìdáhùn mi rèé ká tó tú ọ̀rọ̀ palẹ̀: Crealock ni kí ẹ rà. Àmọ́ ká ní 1986 ni wọ́n kan Valiant yẹn ni, tí apá yín sì ká owó rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n ní kí ẹ gbé e. Ọdún tí wọ́n kàn án ló yí ìdájọ́ mi padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn tó ń fi ọkọ̀ wé ọkọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi orúkọ wé orúkọ. Ọkọ̀ kan pàtó, tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọdún tirẹ̀ àti ìtàn tirẹ̀, lèèyàn ń rà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó fún Valiant lókìkí, kí ẹ má bàa rò pé mo kórìíra rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ onígbòkun la agbami já, ọkọ̀ tó wúwo, tí kíìlì rẹ̀, ìyẹn lẹbẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tó wọ inú omi, gùn láti iwájú dé ìdí, ni wọ́n máa ń júwe fún un. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń balẹ̀ lójú ìgbì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, bí atẹ́gùn bá sì ń bọ̀ níwájú, ìyà ni. Ní 1973 ni Bob Perry, ayàwòrán ọkọ̀ ní Seattle, ya Valiant 40. Lókè omi, ó ṣe ìdí rẹ̀ ní ṣóńṣó bíi tàwọn ọkọ̀ àtijọ́. Nísàlẹ̀ omi, ó gé kíìlì kúrú, ó gbé ìtọ́kọ̀ lọ sẹ́yìn pátápátá, ó sì fi èèkàn fáíbà kan tó lágbára gbè é. Bí ọkọ̀ tó ń yára tó tún lè kojú ìjì ṣe dé ọjà nìyẹn. Nínú ìdíje BOC Challenge ti 1982 sí 1983, tí atukọ̀ kọ̀ọ̀kan dá yí ayé ká nínú ọkọ̀ tirẹ̀, Valiant 40 ni Dan Byrne tù títí tó fi parí ìrìn àjò náà. Ọkọ̀ tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ yẹpẹrẹ.

Crealock náà ò kéré. William Crealock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi California ṣe ilé, ló yà á. Pacific Seacraft bẹ̀rẹ̀ sí kàn án ní nǹkan bí 1980, ní California, wọ́n sì ń kàn án bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ilé-iṣẹ́ náà tó kó lọ sí ìlú Washington ní North Carolina ní 2007. Ọkọ̀ méjèèjì ló wà nínú American Sailboat Hall of Fame. Ẹ fi ọkàn yín balẹ̀ níbẹ̀: àwọn tó ya ọkọ̀ méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ó wá ku ara wọn. Valiant 40 gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 39 àti íńṣì 11, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12 àti íńṣì 4, ó sì wúwo tó 22,500 pọ́ùn. Crealock 37 gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 36 àti íńṣì 11, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10 àti íńṣì 10, ó sì wúwo tó 16,000 pọ́ùn. Ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré ni gígùn wọn fi yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìwúwo wọn fi 6,500 pọ́ùn yàtọ̀, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ìwúwo yẹn lẹ ó máa náwó lé lórí lọ́dọọdún. Bí ọkọ̀ bá ṣe wúwo tó ni ìdákọ̀ró rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, àti ṣéènì, àti okùn, àti ìgbòkun, àti ẹ́ńjìnì. Ní ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì bá kú níwájú èbúté tí atẹ́gùn sì ń ti yín lọ sára ọkọ̀ olówó ńlá tí wọ́n so síbẹ̀, tọ́ọ̀nù mẹ́ta yẹn náà lẹ ó fi ọwọ́ dá dúró.

Ní ti eré, Valiant ló gbà á. Gígùn ibi tí ara ọkọ̀ ti kan omi ló ń pinnu bí irú àwọn ọkọ̀ yìí ṣe lè sáré tó: ti Valiant jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 34, ti Crealock jẹ́ 27 àti íńṣì 9. Ìṣirò tí àwọn ayàwòrán ọkọ̀ máa ń lò yóò fún Valiant ní nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 7.8 (nọ́ọ̀tì kan ni máìlì òkun kan ní wákàtí kan), yóò sì fún Crealock ní 7.1. Lójú agbami, kò sí ọkọ̀ ìdílé tó ń sáré bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ká ní Valiant ń rin nọ́ọ̀tì 6 ní ìpíndọ́gba, tí Crealock ń rin 5.3. Láti Annapolis sí Bermuda tó nǹkan bí 750 máìlì òkun. Valiant á lo ọjọ́ márùn-ún àti wákàtí díẹ̀, Crealock á gúnlẹ̀ kí ọjọ́ kẹfà tó pé. Ìyàtọ̀ kò tó ọjọ́ kan. Tó bá jẹ́ Atlantic lẹ fẹ́ là já láti erékùṣù Canary dé Caribbean, ó lè tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ìyẹn á sì kan omi mímu àti oúnjẹ. Ṣùgbọ́n Atlantic ò sí nínú ìwé yín. Ibi tí ẹ ń lọ gan-an ni kí ẹ ra ọkọ̀ fún.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù kí ọkọ̀ dojú dé, ọ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju èkejì lọ. Lẹ́yìn ìdíje Fastnet ti 1979, níbi tí ìjì ti pa atukọ̀ 15 lára àwọn tó ń díje, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan jáde tó ń fi ìbú ọkọ̀ wé ìwúwo rẹ̀. Bí èsì rẹ̀ bá wà lábẹ́ 2, wọ́n ka ọkọ̀ náà sí èyí tó ṣeé gbé lọ sí agbami. Ti Valiant jẹ́ nǹkan bí 1.75, ti Crealock jẹ́ 1.72. Òjé tó wà nísàlẹ̀ Crealock jẹ́ 6,200 pọ́ùn, ìyẹn nǹkan bí ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Ti Valiant jẹ́ 7,700, nǹkan bí ìdá 34. Méjèèjì ló máa ń gbé ara wọn nàró.

Omi tí kò jìn ló kàn yín jù. Chesapeake Bay tí ẹ̀ ń tukọ̀ lórí rẹ̀, jíjìn rẹ̀ ní ìpíndọ́gba kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ, àwọn ẹ̀ka odò tó tutù, tó dákẹ́, tí èèyàn á fẹ́ ju ìdákọ̀ró sí lálẹ́ Sátidé, kò tilẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ rárá. Bahamas ńkọ́? Yanrìn funfun lábẹ́ omi tó mọ́ gaara ni níbi púpọ̀. Valiant nílò ẹsẹ̀ bàtà 6 kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má bàa gbálẹ̀. Crealock tí kíìlì rẹ̀ jìn nílò ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 6, èyí tí kíìlì rẹ̀ kò jìn nílò 4 àti íńṣì 11. Ẹ bi alágbàtà yín irú kíìlì tí Crealock yìí ní. Bó bá jẹ́ èyí tí kò jìn, ibi tí ẹ lè sùn ní alẹ́ kan lórí Chesapeake á pọ̀ sí i gan-an. Ẹ má sì gbàgbé òkè: àwọn afárá tí kì í ṣí tó wà lórí ọ̀nà omi inú ilẹ̀ láti Norfolk lọ sí Florida, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 65 ni wọ́n fi ga sí omi, àyàfi Julia Tuttle ní Miami tó jẹ́ 56. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gun òpó ọkọ̀ kí ó sì wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú eriali àti gbogbo ohun tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Ẹ má gba ohun tó wà nínú ìwé ìpolówó gbọ́.

Ẹ óò ní: ṣé ààyè ò ní kéré fún èèyàn mẹ́rin nínú Crealock? Á kéré. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ibùsùn wà ní iwájú, òmíràn wà lẹ́bàá ẹ̀yìn, àga ìjókòó á di ibùsùn fún ìyókù. Ní òpin ọ̀sẹ̀, kò sí wàhálà. Ní oṣù mẹ́rin Bahamas, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún méjì tí ẹsẹ̀ wọn ti gùn á fojú rí i. Àti pé ọkọ̀ tó fúyẹ́ máa ń mọ ẹrù lára: omi, dísù, ìwé iléèwé, kọ̀ǹpútà, oúnjẹ èèyàn mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á rì í wálẹ̀, á sì dín eré rẹ̀ kù ju bó ṣe máa dín ti Valiant kù lọ. Ká ní ààyè nìkan ni ká fi ṣèdájọ́, Valiant ni.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ọdún. Ìbejì yín á pé ọdún méjìdínlógún ní ọdún mẹ́ta sí i. Wọ́n jọ bí wọn, wọ́n á jọ lọ yunifásítì lọ́dún kan náà, ilé á sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin méjì lẹ ó máa tu ọkọ̀ yìí, bóyá fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tọkọtaya tó ń dá tukọ̀ ni Crealock 37 bá mu jù lọ nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo mọ̀ ní ìwọ̀n rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá dé lóru, Ìyá Ìbejì lè dá nìkan sọ ìgbòkun ńlá ọkọ̀ náà kalẹ̀ láìjí yín. Ìgbòkun Valiant ṣeé dá wálẹ̀ náà, àmọ́ agbára tó ń gbà yàtọ̀, bí ọjọ́ orí sì ṣe ń lọ ni ìyàtọ̀ yẹn á máa hàn. Ẹ fi àwọn ọmọ jàǹfààní nígbà tí wọ́n ṣì wà ńlé: èèyàn mẹ́rin tó lè pín òru sí wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ń sùn dáadáa lójú agbami, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a kọ́ dáadáa sì lè ṣọ́ òru pẹ̀lú àgbàlagbà kan.

Mo ní ọdún 1979 ló yí ìdájọ́ mi padà. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Uniflite ní ìlú Bellingham, ìpínlẹ̀ Washington, ló ń kan Valiant nígbà yẹn. Wọ́n ti kan ọkọ̀ fáíbà fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣọ́ odò ní Vietnam, ọ̀rọ̀ iná sì jẹ wọ́n lógún. Láti nǹkan bí 1976 títí di 1981, wọ́n lo résìnì (oje tó ń so fáíbà pọ̀ tí ó fi ń le) kan tí kì í tètè gbiná láti fi kan Valiant. Èrò rere ni wọ́n fi ṣe é, torí iná lójú agbami kò ṣeé sá fún. Àbájáde rẹ̀ ni kò dára. Fáíbà kò dí omi pátápátá bí ojú ṣe rí i. Omi máa ń gba inú awọ òde tó ń dán, tí wọ́n ń pè ní gelcoat, wọlé díẹ̀díẹ̀. Bó bá pàdé ohun tó lè yòrò nínú résìnì, omi àti kẹ́míkà á pò pọ̀, àpòpọ̀ yẹn á sì tún máa fa omi míì mọ́ra, títí yóò fi máa ti awọ òde síta, tí ara ọkọ̀ á sì wú bí ìléròrò ibi tí omi gbígbóná dà sí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà àwọn ọdún wọ̀nyẹn ló ní ìléròrò díẹ̀ nísàlẹ̀ omi, àwọn tó ni wọ́n sì ń bá wọn gbé. Ti Valiant Uniflite yàtọ̀: kò mọ sí ìsàlẹ̀ omi, ó tún ń yọ lára ọkọ̀ lókè omi àti lórí dẹ́ẹ̀kì, ó sì máa ń padà wá lẹ́yìn àtúnṣe.

Ṣé ó lè ri ọkọ̀? Fáíbà tí wọ́n tò sára Valiant nípọn, àwọn tó ní ìléròrò sì ti la òkun já. Owó yín, àkókò yín àti ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á ni ìléròrò ń bá jà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é tán, yóò gbé ọkọ̀ kúrò lómi, yóò fi ẹ̀rọ bó awọ òde kúrò títí kan ibi tí fáíbà ti bàjẹ́, yóò fọ̀ ọ́ léraléra, yóò jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó tó tún fáíbà tuntun lẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú epoxy, irú résìnì mìíràn. Gbogbo oṣù yẹn lẹ ó máa san owó ọgbà tí ọkọ̀ wà, láìtukọ̀. Ìdí nìyẹn tí owó Valiant yẹn fi jẹ́ ìdajì owó Crealock. Ọjà mọ ohun tó ń ṣe. Ìdajì owó tí ẹ rò pé ẹ jèrè, ẹ kò tíì san án ni.

Lẹ́yìn tí Rich Worstell gba iṣẹ́ kíkan Valiant, tó sì gbé e lọ sí Texas, lẹ́bàá Lake Texoma, ní 1984, àwọn Valiant tó jáde níbẹ̀ kò ní wàhálà résìnì yẹn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ pé 1986 ì bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Bí ọkàn yín bá ṣì wà lára Valiant 1979 náà lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ, nǹkan díẹ̀ wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe. Láti oṣù kọkànlá 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní nọ́ńbà ara, àmì méjìlá, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ apá ọ̀tún ní ìdí ọkọ̀. Àmì ìparí rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n kàn án. Ẹ kà á fúnra yín, ẹ fi wé ìwé ọkọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti bó gbogbo ara ọkọ̀ rí tàbí wọ́n kàn ń lẹ ojú kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yọ. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é, rìsíìtì, àwòrán, àti bóyá ó ti tún yọ láti ìgbà náà. Lílẹ ojú kọ̀ọ̀kan kò wo àìsàn yìí sàn. Bí wọ́n bá sọ pé ọ̀dà tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lóṣù tó kọjá, ẹ lọ wò ó láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí ẹ gbé ojú yín sún mọ́ ara ọkọ̀ kí ẹ sì wò ó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Gbogbo ibi tó wú á hàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e kúrò lómi gan-an ni kí sọ́féyọ̀, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ ọkọ̀ wò fún ẹni tó fẹ́ rà á, wà níbẹ̀, torí bí ara ọkọ̀ bá gbẹ, ìléròrò kéékèèké lè rẹlẹ̀ padà.

Èmi ò ní ra a. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Crealock, torí òun náà ti pé ogójì ọdún, ọkọ̀ tó bá tó bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń fi pa mọ́.

Dẹ́ẹ̀kì ni mo fi ń ṣáájú. Irú dẹ́ẹ̀kì yìí ní igi láàárín fáíbà òkè àti ìsàlẹ̀, ibikíbi tí wọ́n bá ti lu ihò bóòtù, omi lè gbabẹ̀ wọlé, igi yẹn á sì jẹrà láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Sọ́féyọ̀ á fi òòlù kékeré máa kan dẹ́ẹ̀kì lọ. Ibi tó le á dún ketekete. Ibi tó ti jẹrà á dún bọ̀ọ̀bọ̀ọ̀. Ẹ dúró tì í, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́. Ibi méjì kékeré ṣeé tún ṣe. Bó bá jẹ́ gbogbo àyíká ẹsẹ̀ òpó ló ń dún bẹ́ẹ̀, ẹ máa lọ sílé.

Pacific Seacraft máa ń fi odindi awọ fáíbà kan bo inú ọkọ̀. Ó mọ́, ó dán, ó sì le, ṣùgbọ́n ó ń bo ibi púpọ̀ mọ́lẹ̀, kì í jẹ́ kí ọwọ́ tètè dé ibi tí omi ti ń jò tàbí ibi tí wáyà gbà. Ẹ béèrè ibi tí táǹkì dísù wà àti ohun tí wọ́n fi ṣe é. Táǹkì álúmíníọ̀mù ogójì ọdún ti fẹ́ jẹrà tán níbi tó bá ti jókòó sínú ọ̀rinrin, yíyọ ọ́ kúrò sì lè gba pé kí wọ́n rẹ́ nǹkan nínú ọkọ̀. Ẹ fi iye yẹn dín owó tí ẹ máa dá lé e.

Àwọn wáyà irin tó dì òpó mú: bí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi rìsíìtì hàn pé wọ́n pààrọ̀ wọn láàárín ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ẹ kà á sí pé ẹ̀yin lẹ máa pààrọ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò púpọ̀ á béèrè bẹ́ẹ̀ náà. Òpó tó wó lójú Gulf Stream, níbi tí atẹ́gùn àríwá ti ń fẹ́ kọjú sí ìṣàn omi, tí ìgbì sì ń ga tó ń gún, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ìdílé yín rí.

Ẹ́ńjìnì, ẹ sọ fún alágbàtà pé kí wọ́n má ṣe tàn án kí ẹ tó dé. Ẹ fi ọwọ́ kàn án kó tutù, kí ẹ tó ní kí wọ́n tàn án. Bó bá gbéra láìfi falẹ̀, ó dára. Ẹ gbé e jáde sórí omi, kí ẹ fún un ní gbogbo iná fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, kí ẹ máa wo ìgbóná rẹ̀ àti èéfín tó ń jáde lẹ́yìn. Èéfín dúdú ń sọ pé ẹrù ti pọ̀ jù fún un tàbí afẹ́fẹ́ kò tó. Èéfín búlúù ń sọ pé ó ń jó ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò lọ lè jẹ́ omi tàbí dísù tí kò jó tán. Ìyókù, mẹkáníìkì dísù ni kí ẹ gbà, torí sọ́féyọ̀ kì í tú ẹ́ńjìnì.

Ní ti sọ́féyọ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ SAMS tàbí NAMS, ẹgbẹ́ àwọn sọ́féyọ̀ ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà, ni kí ẹ wá, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín wá rí, kì í ṣe ẹni tí alágbàtà olùtà gbé fún yín. Ẹ óò san owó rẹ̀ àti owó gbígbé ọkọ̀ kúrò lómi, bóyá ẹ ra ọkọ̀ tàbí ẹ kò rà á. Ẹ má ṣahun síbẹ̀. Àdéhùn tí ẹ bá fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ sọ pé bí àyẹ̀wò tàbí ìdánwò lórí omi kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, owó àsansílẹ̀ yín ń padà bọ̀ wá.

Owó rírà nìkan kọ́ sì ni owó. Ìṣirò tí àwọn atukọ̀ máa ń lò ni pé ìtọ́jú ọdún kan máa ń gba nǹkan bí ìdámẹ́wàá owó ọkọ̀. Fún ọkọ̀ àtijọ́ tí owó rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi Valiant yìí, ìdámẹ́wàá kò ní tó, nítorí pé ìtọ́jú ń tẹ̀ lé bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó, kò tẹ̀ lé bí ẹ ṣe rà á ní ọ̀pọ̀. Kí ẹ tó dá owó lé ohunkóhun, ẹ pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ẹ sọ ọjọ́ orí ọkọ̀ fún wọn, ẹ sọ ìrírí yín, ẹ sì sọ pé Bahamas lẹ ń lọ. Ìgbà ìjì hurricane bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá, wọ́n á sì sọ ibi tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo àkókò yẹn. Ìdáhùn wọn lè yí ọjọ́ tí ẹ máa ṣí kúrò ní Norfolk padà.

Ohun kan tó kan àwa tí a wá láti ilé: bí ẹ kò bá tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin, tó jẹ́ pé káàdì ìgbélùú nìkan lẹ ní, ẹ kò lè forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́dọ̀ Coast Guard. Ẹ lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ Maryland, èyí tó bófin mu, tí ẹ fi lè tukọ̀ lọ sí Bahamas. Bí ọkọ̀ náà bá ti wà lábẹ́ Coast Guard tẹ́lẹ̀, ẹ ní kí National Vessel Documentation Center fún yín ní ìwé ìtàn rẹ̀, kí ẹ lè mọ àwọn tó ti ni ín àti gbèsè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Gbèsè ojú omi máa ń tẹ̀ lé ọkọ̀ ni; bí ẹni àná kò bá san owó ọgbà tí wọ́n ti tún ọkọ̀ ṣe, ẹ̀yin tí ẹ rà á lónìí ni wọ́n á wá bá.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé dẹ́ẹ̀kì Crealock yìí ti jẹrà jù, ẹ má tìtorí ìyẹn padà sídìí Valiant 1979. Ẹ dúró. Crealock míì máa ń bọ́ sọ́jà ní etíkun ìlà oòrùn, Valiant tí wọ́n kàn ní Texas náà a sì máa yọjú. Nígbà tí ìwé sọ́féyọ̀ bá jáde, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú nọ́ńbà ara ọkọ̀ àti àwòrán dẹ́ẹ̀kì láyìíká ẹsẹ̀ òpó, kí a jọ wo iye tí ẹ máa dá lé e.